Ọmọ Ìbàdàn Kì í Gbalé n'Ìbàdàn

Àkàrà ló wà lọ́wọ́ Bàámi lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ gba yàrá n'Ìbàdàn. Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n dá a padà sínú àwo, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n ní, "Gba kín ni?"

Mo tún un sọ. Wọ́n wo Màámi bí ẹni pé Màámi ló rán mi. "Ọmọ Ìbàdàn kì í gbalé n'Ìbàdàn," ni wọ́n wí. Wọ́n ní yàrá bàbá àwọn ṣì wà nínú agboolé wa lẹ́yìn Ọjà'ba, àwọn ò tíì tà á, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lé wa níbẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè má tètè mọ ohun tó ń bí bàbá nínú. Abà wa wà lẹ́yìn Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti ń di ọ̀nà ọ̀kadà, tí ọ̀nà ọ̀kadà náà sì ń di ipa ẹsẹ̀ láàárín kòkó. Ibẹ̀ ni Bàámi ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí, ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Ṣùgbọ́n bí o bá bi wọ́n pé níbo nilé wọn, wọn ò ní dárúkọ abà láéláé. "Ẹ̀yìn Ọjà'ba ni," ni wọn yóò wí. Oko kì í jẹ́ ilé, ì báà gba èèyàn ní ogójì ọdún. Bí àgbẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Arà ṣe ń gbé ayé wọn nìyẹn: iṣẹ́ wà lóko, ilé wà n'Ìbàdàn. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, Iléyá, Ìtúnu Ààwẹ̀, ìlú ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá wá ń sanwó fún onílé nínú ìlú tí bàbá rẹ̀ ti nílé, ńṣe ló ń sọ fáyé gbọ́ pé wọ́n ti lé bàbá òun jáde.

Ní ọdún kejì mi ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo bá ìwé kan pàdé ní Ilé-ìkàwé Kenneth Dike, The City of Ibadan, tí Lloyd, Mabógùnjẹ́ àti Awẹ́ jọ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967. Ọ̀rọ̀ ìlú yìí àti oko rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo jókòó ti ìwé náà, mò ń ka ọ̀rọ̀ Bàámi bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ará ibòmíràn, mo sì fi apá bo ojú ìwé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí ohun tí mò ń kà.

Ìdí tí mo fi bò ó ni pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ oko ni mí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí níbi tí mo ti wá, ní 2008, Bódìjà ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Màámi máa ń kó èlùbọ́ láfún wá sí ọjà Bódìjà, mo sì ti sùn mọ́jú lórí àpò èlùbọ́ níbẹ̀ rí. Àmọ́ Bódìjà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, Bódìjà ẹ̀sìtéètì ni, ti àwọn onílé tó ní géètì àti òdòdó. Mi ò ṣàtúnṣe. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin ní 2009, mo padà sóko, mo bá wọn gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di dúdú. Nígbà tí a wọlé, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Èkó di ọwọ́ mi mú, ó ń yí i wò. Mo ní làálì ni, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló ṣègbéyàwó. Ó ní làálì náà rẹwà.

Ní ọdún 2010, ibùsùn inú ọgbà ò kàn mí. Mo gbìyànjú Ọjà'ba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó fìyà jẹ mí níbẹ̀, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìfẹ́ ló fẹ́ pa mí. Ọmọ ilé kì í sọ pé òun ń kàwé. Bí ìyá àgbà bá pè ọ́ pé kóo wá bá àwọn wá abẹ́rẹ́, wàá lọ. Bí wọ́n bá kó aṣọ òkú dé, wàá bá wọn kà á. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án la jọ ń sùn nínú yàrá bàbá bàbá mi, èmi nìkan ni mo sì mọ ibi tí a ń tọ́jú àtùpà sí. Láti Ọjà'ba dé géètì Yunifásítì, mọ́tò méjì ni bí ọ̀nà bá dára. Ọ̀nà kì í dára.

Màámi ló bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ní àárọ̀, Bàámi ní kòkó lówó lórí lọ́dún yìí, àwọn ó san án. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi lé e: àwọn fúnra wọn ni yóò fojú rí yàrá náà.

Ájẹ́ǹtì tí a bá pàdé wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò kan tí bọ́tìnnì àyà rẹ̀ ti já, ó fi pín-ìnnì há a. Bí ó ti rí Bàámi tó dé fìlà abetí-ajá báyìí, ó ti mọ̀ pé owó oko ni. "Bàbá, ẹ máa wolẹ̀," ló wí. "Méjì ni mo ní fún ọmọ yín. Ọ̀kan l'Ágbowó, ọ̀kan l'Ájíbọ́dẹ. Èyí tó bá wù yín." T'Agbowó, ₦36,000 lọ́dún, yàrá kan ṣoṣo. T'Ajíbọ́dẹ, ₦48,000, ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Kí a tó ka àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n o.

Agbowó la kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ibẹ̀: o bá jáde ní géètì ńlá Yunifásítì, o dá títì kọjá, o ti dé. Ilé ọ̀hún jẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn kan, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Sítóòfù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ṣálángá méjì wà lẹ́yìn, kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àgádágodo tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré mẹ́rin ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń ta káàdì fóònù lójúde sì ń lu orin láti inú gbohùngbohùn tó tó àpótí ọṣẹ. Bàámi dúró láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ògiri. Wọ́n bi kẹ́ẹ̀tékà pé ta ní ń sùn ní yàrá ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Bàámi mi orí. Wọ́n ní, "Inú ọjà ni wọ́n kọ́ ilé sí." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú.

A wá gba inú Yunifásítì kọjá lọ s'Ájíbọ́dẹ. Nígbà náà, kò tíì kún tó báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lo bọ́ sí lọ́hùn-ún, abúlé ni, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù láàárín rẹ̀ ni. Ewúrẹ́ ń sùn lójú ọ̀nà. Ebè ẹ̀gẹ́ wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí wọ́n ní kí n gbà. Obìnrin kan ń yan gàrí nínú ahéré, èéfín rẹ̀ ń wọ́ lọ sórí òrùlé páànù, mo sì gbọ́ òórùn gàrí tó ń gbẹ, òórùn tí mo fi gbogbo ayé mi mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Èkó tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ náà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ibí dára, ó dà bí ibi ìsinmi. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé o ń gbọ́ odò nísàlẹ̀.

Odò yẹn ni Bàámi gbọ́. Wọn ò wọ yàrá. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ, ájẹ́ǹtì sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi gìgísẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò rún un, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú ni, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn hù yí ká, ewé rẹ̀ tóbi bí agboòrùn.

"Bàbá, ilẹ̀ tó dáa nìyí o," ni ájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀fọ́ ń hù níbí láì gbìn ín. Kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Mo rí i," ni Bàámi dá a lóhùn. Wọ́n gbọn ọwọ́. "Àkùrọ̀ ni."

Ájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ síbi ògiri ẹ̀yìn, wọ́n na ọwọ́ sí ibì kan tó tó orúnkún. Lábẹ́ ibẹ̀, ọ̀dà ilé náà funfun ju ti òkè lọ díẹ̀, bí ẹni tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní wọn ò fọwọ́ hàn mí, mi ò bá má rí i títí mo fi kú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Ògùnpa fún ọkùnrin náà, omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, bí odò tí àwọn ọmọdé ń fo kọjá ṣe gbé ilé lọ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀. "Odò kì í gbàgbé ọ̀nà," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ gbàgbé." Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí mi: "Àwa máa ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀. A kì í sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹ́ gbé e, yan èyí tó wù ọ́."

Mo yan Agbowó.

Inú Bàámi dùn débi pé nígbà tí a dé Ìwó Róòdù, wọ́n ra búrẹ́dì fún mi, búrẹ́dì tí wọ́n máa ń rà fún aláìsàn. Wọ́n rò pé mo gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kí Bàámi tó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ ni mo ti yan tèmi. Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ ò tilẹ̀ wọ̀ mí létí dáadáa. Lójú mi, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni. Ebè ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá fèrèsé ló lé mi. Obìnrin tó ń yan gàrí ló lé mi. Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún abà, mo wá fẹ́ san ₦48,000 láti padà síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi tí kò rí ebè rí ló lè pe ibẹ̀ ní ibi ìsinmi. Ó sì gba yàrá náà lọ́sẹ̀ kejì.

Agbowó ò ṣe mí jẹ́jẹ́. Owó iná nìkan tó ìjà. Ojú iná ni wọ́n fi ń pín in: gílóòbù kan, ojú kan, fáànù, ojú kan, tẹlifíṣọ̀n, ojú méjì, ẹni tó bá sì ní áyọ́ọ̀nù, kó máa múra ogun. Ojú méjì péré ni èmi ní, síbẹ̀ wọ́n máa ń bi mí pé kí ló ń dún fùù nínú yàrá mi lóru. Mo kọ́ láti sùn nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, débi pé bí ó bá dákẹ́ ni mo máa ń jí. Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni àwọn tí a jọ ń gbé. Ìyá ẹlẹ́kọ ẹnu ọ̀nà, ọmọ Akánrán ni, l'Ọ́nà-Arà. Bíríkìlà tó wà ní yàrá kẹta, ará abúlé kan nítòsí Ẹ̀rúnmu ni. Ọkọ àti ìyàwó tó kọjú sí mi ti Mọ́níyà wá. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ iye tí àpò ẹ̀gẹ́ jẹ́, wọ́n á máa sọ ìgbà tí òjò yóò dá. Èmi á tilẹ̀kùn mi, n ó máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Bíríkìlà sọ pé àkọ́rọ̀ òjò ló ń tú kókó tó máa di kòkó ńlá, mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. A ti gba ààwẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òru ọjọ́ náà ló di òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí àwọn Mùsùlùmí máa ń retí. Ìyá ẹlẹ́kọ ti fún mi lẹ́kọ mẹ́ta fún ìṣínu. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣínu, mo sì rò pé kò ní pẹ́ dá. Kò dá. Bí ẹni da garawa lórí páànù ni, wákàtí dé wákàtí, láìsí ìsinmi. Ọ̀ọ̀dẹ̀ wa di odò kékeré, a fi àkísà dí ẹnu ọ̀nà, a gbé sítóòfù sókè. Àwọn ajísààrì ò jáde lóru yẹn. Ní bí agogo mẹ́wàá, fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní, "Omi ti wọ yàrá." Mo ní kó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó ní, "Ó ti dé orí bẹ́ẹ̀dì." Lẹ́yìn náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Mo ti jẹ sààrì tán kí n tó mọ̀ pé mi ò jẹ nǹkan kan. Bí ojú ṣe ń mọ́ ni mo wọ Yunifásítì. Àwọn èèyàn dúró gátagàta, wọ́n ń sọ pé omi ti kó ẹja ọgbà ẹja lọ, ó ti wọ ọgbà ẹranko. A ò tíì gbọ́ ti Apẹ̀tẹ̀ nígbà náà, pé afárá ibẹ̀ ti já. A ò tíì mọ̀ pé ẹni tó kú káàkiri Ìbàdàn lóru kan náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo kàn ń rìn. Ọ̀nà Ajíbọ́dẹ ni mo ti rí i, ó ń bọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan ló wọ̀, sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ru báàgì tí omi ń jò lára rẹ̀ sórí. Àwọn aládùúgbò ló gbé e gorí òrùlé. Kò sunkún. Ó ní, "Àwọn nóòtì mi," ó sì tún un sọ títí a fi dé Agbowó.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi oko hàn án, bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́. Ó fẹ́ ya àwọn ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìwé tó rin gbingbin, bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi ni: bóo bá fi ipá tú u, á fọ́. Mo mú kóólù pọ́ọ̀tù Ìyá ẹlẹ́kọ, mo fi eérú bo èédú kó má baà gbóná jù, mo gbé asẹ́ rẹ̀ sókè lórí bíríkì mẹ́rin, mo to àwọn ìwé náà sórí asẹ́. Bí a ṣe ń mú èlùbọ́ gbẹ lórí àjà nígbà òjò nìyẹn, nígbà tí òrùn ò sí. Mò ń yí wọn, mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bí Màámi ṣe máa ń wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Wọ́n gbẹ, wọ́n rí jákujàku, òórùn ẹ̀kọ ń bú jáde lára wọn, ṣùgbọ́n ó rí wọn kà. Ó ń wò mí ní gbogbo àkókò náà. Kò béèrè nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò, Ilé-ìfowópamọ́ Àgbáyé sì fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù ní 2014 fún ọ̀ràn omíyalé Ìbàdàn. Ajíbọ́dẹ ti di ìlú báyìí. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò sì rí ebè kankan mọ́.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn òjò yẹn ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò lè lọ s'Ékòó, aṣọ mi ló wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà mo mú un dání lọ sí Ọjà'ba. Mi ò rò ó jinlẹ̀. A wọ agboolé, gbogbo wọn ti dé láti oko: àwọn ti Lálúpọn, àwọn ti Ìyànà Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n Bàámi tó ń dáko ní ìhà Ẹgbẹ́dá. Àpò èlùbọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí rẹ̀. A kúnlẹ̀, wọ́n súre fún wa. Bàámi rí ọ̀rẹ́ mi, wọ́n rántí rẹ̀, ojú wọn sì tàn.

"Ṣé ẹ rí ọmọ yìí?" ni wọ́n wí fún gbogbo ilé, wọ́n ń na ìka sí mi. "Mo ní àkùrọ̀ ni, mo ní kó má gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinyìí kì í gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ lèyí, ó mọ ilẹ̀. Ó gbọ́ mi lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Wọ́n kí mi. Ìyá àgbà da omi sílẹ̀, wọ́n ní ayé mi á tutù. Ọ̀rẹ́ mi tẹ orí sún mọ́ mi, ó ń wo ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo oje dúdú tó gbẹ sára rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi.

"Làálì," ló wí jẹ́jẹ́.

Mo gbé àwo ìrẹsì tó wà níwájú mi, mo fi ẹran tèmi kún tirẹ̀.